Aránṣọ tó ń rí ihò abẹ́rẹ́, tí kò rí àna rẹ̀

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, aránṣọ ni. Ẹni ọdún 58 ni nígbà tó kọ́kọ́ wá sí kíníìkì ojú tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn. Agbádá ló ń rán. Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ló sì sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń wá dé ìsọ̀, torí ọwọ́ ló fi ń ṣe é, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé tiwọn fún ẹ̀rọ. Ó ní ìyàwó kan, ọmọ mẹ́ta, àti ọmọ iṣẹ́ tí kì í dín ní mẹ́rin. Ó mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, ó sì ní kí n kọ ọ́. Èmi ni mo yí àwọn nǹkan kan padà kí ará àdúgbò má baà máa nàka sí i. Bàbá Aránṣọ la máa ń pè é ní kíníìkì, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe pè é níbí.

Kì í ṣe ojú dídùn ló gbé e wá, nítorí ojú kò dùn ún rí. Ẹ̀sùn ló gbé e wá. Níbi ìkómọ ọmọ àbúrò ìyàwó rẹ̀, ó wọlé, ó lọ tààrà sọ́dọ̀ bàbá ọmọ, ó kí i, ó jókòó. Ìyá ìyàwó rẹ̀ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, lọ́wọ́ òsì. Kò dọ̀bálẹ̀, kò tilẹ̀ yíjú. Màmá náà kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ẹbí ti gbọ́ pé ọkọ ọmọ wọn ti lówó, kò rí àna kí mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ náà gbà á gbọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń kíyè sí i pé ọkọ òun ń gba ẹ̀gbẹ́ èèyàn kọjá bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀, pé ó ń fẹsẹ̀ gbá ife omi tí wọ́n gbé sílẹ̀ dànù, pé inú sì máa ń bí i bí wọ́n bá bi í léèrè. Ọ̀kadà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a níwájú ìsọ̀ ló jẹ́ kí obìnrin náà sọ pé kí wọ́n lọ yẹ ojú yẹn wò. Ọlọ́kadà ti fọn fèrè, àwọn èèyàn ti pariwo, òun ní òun kò rí ohun tó jọ ọ́.

Bó ti jókòó níwájú mi, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìtàsé, òun lẹ fẹ́ sọ pé kò ríran?"

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí a ní kó ka lẹ́tà ara ògiri, pẹ̀lú awò ojú rẹ̀, ó kà á dé ìlà tó kéré. Ṣùgbọ́n ìfúnpá inú ẹyinjú ọ̀tún jẹ́ 34, tòsì 31; láàárín 10 sí 21 ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn tí ojú wọn dá ṣáṣá. Iṣan tó ń gbé ìríran láti ẹyinjú lọ sínú ọpọlọ ní fọ́nrán tó lé ní mílíọ̀nù kan, tojú òsì rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán. Fọ́nrán tó bá ti kú níbẹ̀, kò sí oògùn, kò sí iṣẹ́ abẹ tó ń jí i. Glaucoma ni wọ́n ń pe àrùn tó ń jẹ iṣan náà báyìí. Ẹ̀gbẹ́ ìríran ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, àárín ló máa ń kàn gbẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tó fi ń rí ihò abẹ́rẹ́ tí kò rí àna rẹ̀.

Irú rẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe lórí ojú fífọ́ ní Nàìjíríà láti 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú ẹni 100 tó ti pé ẹni 40 ọdún, bíi 5 ló ní in. Nínú ẹni 100 tó ní in, ó lé ní 90 tí kò mọ̀ pé òun ní in. Nígbà tí wọ́n fi rí wọn, ẹnì kan nínú márùn-ún ti fọ́jú.

Gbogbo èyí wà nínú fáìlì. Ohun tí kò sí nínú fáìlì ni mo fẹ́ kọ.

Oògùn tí kò jọ oògùn

Timolol ni wọ́n kọ́kọ́ kọ fún un, kí ó máa kán an sójú láàárọ̀ àti lálẹ́. Dókítà ṣàlàyé fún un pé oògùn náà kò ní dá èyí tó ti lọ padà, pé èyí tó kù ló máa bá a dì mú. Ó gbọ́, ó mi orí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ní kí ó ṣe: kó máa fi owó ara rẹ̀ ra oògùn, lóṣooṣù, títí ayé, fún ojú tí kò dùn ún, kó má sì rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹni tí ibà ń ṣe lo oògùn, ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tó ní glaucoma lo tirẹ̀ dáadáa, èrè tó jẹ ni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tí náírà ti já lọ́dún 2023 ni iye oògùn ojú náà sì ti ń gun òkè.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìfúnpá tó ti wálẹ̀ tún gòkè. Ó ní òun ń kán an. Dókítà bínú díẹ̀, ó kọ oògùn kejì mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ ló tú ọ̀rọ̀ náà síta, òun náà kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oògùn lòun ń sọ. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n bá òun bẹ ọkọ òun, pé ó ti ní obìnrin níta. Mo ní kí ló fi mọ̀. Ó ní ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́rin tí kò ti kan òun.

Timolol wà lára irú oògùn tí wọ́n ń lò fún ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí a bá kán an sójú, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń gba ihò omijé sọ̀ kalẹ̀ sí imú, kó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó lè mú kó rẹ èèyàn tẹnutẹnu, ó lè jẹ́ kí inú rẹ̀ bà jẹ́, ó sì lè dá ọkùnrin dúró lórí ibùsùn. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò tilẹ̀ gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Bàbá Aránṣọ ti fura sí oògùn náà fúnra rẹ̀, ó ti jáwọ́ níbẹ̀, ojú sì ń tì í láti wí. Ta ló máa wí irú ẹ̀ fún dókítà tó kéré sí àkọ́bí rẹ̀, lójú àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn rẹ̀? Dókítà yí i sí latanoprost, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́. Mo sì kọ́ ọ bí yóò ṣe fi ìka tẹ igun ojú lẹ́bàá imú fún bí ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tó bá kán an tán, kí oògùn má baà sá wọ ara.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn náà dára sí i, kò sì dára tán. Ní tèmi o, mi ò rò pé oògùn nìkan ló fà á. Ẹni tó ń jí lóru láti wò bóyá òun ṣì ń ríran, níbo ló ti fẹ́ rí ara?

Torí bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń ṣe. Láràárọ̀, kó tó kúrò lórí ibùsùn, á fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, á fi tòsì wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Á bo tòsì, á fi tọ̀tún wò ó. Bí NEPA bá mú iná lálẹ́, á lọgun pe ìyàwó rẹ̀: "Ṣé wọ́n múná ni?" Bí obìnrin náà kò bá tètè dáhùn, á fò dìde. Àwọn ọmọ máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú ilé, wọn ò mọ ohun tí bàbá wọn ń béèrè.

Ẹ̀rù tó tún ga jù ni ti ẹ̀rọ iná. Aláìsàn máa ń gbé àgbọ̀n lé e, á tẹjú mọ́ àárín, iná wínníwínní á máa tàn níhìn-ín, lọ́hùn-ún, á sì máa tẹ bọ́tìnì bó bá ti rí i. Èyí ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹ̀gbẹ́ ìríran dé. Èsì Bàbá Aránṣọ kò ṣe é lò rárá, ẹ̀rọ kọ ọ́ síwèé pé ó ń tẹ bọ́tìnì nígbà tí iná kankan kò tàn. Ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ rò pé àlàyé ni kò yé e. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Bí mo bá ti jókòó síbẹ̀, tí gbogbo ilẹ̀ dákẹ́, ọkàn mi á máa sọ fún mi pé, ó ti tàn o, ìwọ ni o ò rí i. Ni mo bá ń tẹ̀ ẹ́." Lójú rẹ̀, ìdánwò ni, kò sì fẹ́ fèlì. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá kì í rí púpọ̀ nínú àwọn iná náà, torí ẹ̀rọ ń mú un ṣú síi ni títí tí kò fi ní hàn mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún un rí. Ìgbà tó tún ṣe é, èsì náà ṣe é kà. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

"Ikú yá ju ẹ̀sín"

Ìwé kan wà tó ní ìbéèrè mẹ́sàn-án, PHQ-9 ni wọ́n ń pè é, tó ń béèrè bí ọkàn èèyàn ti rí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn: oorun, oúnjẹ, ìfẹ́ sí iṣẹ́, àárẹ̀. Láti 0 dé 27 ni àmì rẹ̀. Bó bá ti tó 10, ó yẹ kí wọ́n wo ẹni náà sí i. Àwọn oníṣègùn ní Ilé-Ifẹ̀ ti dán an wò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ́dún 2006, ó sì ṣiṣẹ́. Mo fi Yorùbá bi í léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmì 14 ló ní.

Ìbéèrè kẹsàn-án ni ti ẹni tó ń rò pé ó sàn kí òun kú. Nígbà tí a dé ibẹ̀, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín." Ẹni tí kò bá fetí sílẹ̀ á rò pé òwe lásán ni, á kọ 0 sílẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Èmi gbà pé ìdáhùn ni. Mo bi í ní tààrà bóyá ó ti ronú bí yóò ṣe gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní òun kò tíì ronú bí òun ó ṣe ṣe é, pé ohun tí òun máa ń rò ni pé bí òun bá sùn tí òun kò jí, wọ́n á sin òun gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá aránṣọ, kì í ṣe bí afọ́jú tí wọ́n ń fà lọ́wọ́. Òfin ìwà ọ̀daràn wa, ní abala 327, ṣì ń pe ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ ní ọ̀daràn. Bí irú ìyẹn bá wà nínú òfin, kò yà mí lẹ́nu pé òwe làwọn èèyàn fi ń dáhùn.

Ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò lọ sọ́dọ̀ dókítà ọkàn, èyí tó ń tọ́jú ìsoríkọ́. "Ṣé Arò lẹ fẹ́ gbé mi lọ ni?" Lọ́kàn tirẹ̀, ilé wèrè ni Arò. Mo sọ fún un pé ní Arò gan-an, lọ́dún 1954, Dókítà Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú láti ibẹ̀. Ìtàn yẹn kò wọ̀ ọ́ létí. Ohun tó wọ̀ ọ́ létí ni pé ìyàwó rẹ̀ lè bá a lọ. Wọ́n lọ. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí lẹ́tà tó mú dání pé glaucoma wà lójú rẹ̀, torí àwọn oògùn ìsoríkọ́ kan wà tó lè sọ irú glaucoma kan di wàhálà òjijì. Dókítà náà kò kọ oògùn kankan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ.

Nípa iṣẹ́ abẹ, ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Ó bẹ̀rù rẹ̀ nítorí ó mọ ẹnì kan tó ṣe é tí ojú rẹ̀ sì fọ́. Ó ṣe é lójú ọ̀tún nígbẹ̀yìn, ìfúnpá wálẹ̀ sí 12, ìríran rẹ̀ kò yàtọ̀.

Ohun tó wúlò fún un jù, kì í ṣe láti ọwọ́ dókítà kankan ló ti wá. Ọ̀gá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tóun náà ní glaucoma, ló jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ kan. Ó bi í pé, "Ta lo ti sọ fún?" Bàbá Aránṣọ ní kò sí. Tíṣà ní, "Ìgbéraga ni wọ́n máa pè é nígbà náà." Ó wá kọ́ ọ ní ohun tóun náà ń ṣe: bó bá ti wọ ibikíbi, kó tó wo ẹnikẹ́ni, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó kí gbogbo ilé pa pọ̀, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ojú mi kò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́, ẹ dákun ẹ pè mí." Ọ̀rọ̀ kékeré báyìí, ọ̀pọ̀ oṣù ló gbà kó tó lè jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ ló ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn kan káàánú rẹ̀ ju bó ti fẹ́ lọ, oníbàárà méjì gba aṣọ wọn padà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àgbà ló ń gé aṣọ báyìí, òun ló ń ṣe ọrùn. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀. Màmá náà sunkún, lẹ́yìn náà ó bá a jà pé kí ló dé tí kò tètè sọ.

Ẹrù tí wọ́n kó síta

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, dókítà bi í bóyá ẹnì kan nínú ìdílé rẹ̀ fọ́jú rí. Ó ní rárá. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: kò sí.

Irọ́ ni. Bàbá rẹ̀ fọ́jú tó ọdún mẹ́jọ kó tó kú. Ṣùgbọ́n nínú ẹbí, wọn kì í ka ìyẹn sí àìsàn; wọ́n ní ìyàwó kékeré ló fi nǹkan sí i lójú. Wọ́n lé obìnrin náà jáde pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì, Ìṣẹ́yìn ló padà sí, ibẹ̀ náà ló kú sí. Bàbá Aránṣọ ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn. Ó wà lára àwọn tó kó ẹrù rẹ̀ síta.

Nígbà tí mo ń ṣàlàyé fún un pé àrùn yìí máa ń tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀, pé ewu ọmọ àti ọmọ ìyá ẹni tó ní in ju ti ẹlòmíràn lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ó fọwọ́ bojú. Mo rò pé àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń rò. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló sọ ti obìnrin náà fún mi. Lójú mi, ibẹ̀ gan-an ni ìsoríkọ́ yẹn ti ń jẹun, ju ti ojú fúnra rẹ̀ lọ. Dókítà ọkàn rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀, ó ní bí kò bá sí ti obìnrin náà, ohun mìíràn ni ì bá dì mọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá kan náà, wà ní London. Bàbá Aránṣọ pè é. Ní Íńgíláǹdì, ẹni tó bá ti pé 40 ọdún, tí òbí, ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bá ní glaucoma, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń yẹ ojú rẹ̀ wò. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń bi obìnrin náà ní ìbéèrè yẹn ní ṣọ́ọ̀bù awò, òun náà ti ń dáhùn pé kò sí. Ojú rẹ̀ ṣì dára. Àkọ́bí Bàbá Aránṣọ kọ̀, ó ní òun kò fẹ́ gbọ́. Àwọn méjì yòókù ti yẹ tiwọn wò.

Ó ku àwọn ọmọ obìnrin tí wọ́n lé jáde. Bàbá kan náà ló bí wọn, ewu kan náà ló wà lórí wọn, ó sì lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọn kò ti bá ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé sọ̀rọ̀. Ta ló máa lọ sọ fún wọn? Mọ́gàjí agbo ilé ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Èyí ọkùnrin kò wá. Èyí obìnrin wá, ó jókòó títí Bàbá Aránṣọ fi sọ ọ́ délẹ̀, àti ti ojú bàbá wọn, àti ti ẹrù tó bá wọn kó. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un, àbúrò tó fi ọdún púpọ̀ jù lọ.

Ohun tí obìnrin náà fèsì, bí Bàbá Aránṣọ ṣe sọ ọ́ fún mi ni: "Ìyá mi kò sí láyé tó máa gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Níbo ni wọ́n ti ń yẹ ojú ọ̀hún wò?"

Ó wá. 27 ni ìfúnpá ojú rẹ̀ méjèèjì, ìríran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. A tètè rí tirẹ̀, ó ti ń kán oògùn. Àmì Bàbá Aránṣọ lórí ìbéèrè mẹ́sàn-án náà ti wá sí 7 nígbà tí mo bi í kẹ́yìn, ó sì ti ń sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì yé pe ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n bá múná. Ó bi mí bóyá mo lè fi òun àti àbúrò rẹ̀ yìí sí ọjọ́ kan náà. Obìnrin náà ti bẹ̀ mí tẹ́lẹ̀ pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo fún un, mo fi Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.